Yanrìn Di Sẹ̀gi: Ọ̀rọ̀ Àfọ́kù Ìkòkò Igbó Olókun

Ta ni ó ṣe ìlẹ̀kẹ̀ tí ó wà lọ́rùn àwọn ọba wa àtijọ́? Bí a bá gbé ìbéèrè yìí síwájú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá nínú ọgbà yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé mẹ́sàn-án yóò dáhùn pé òkè òkun ni wọ́n ti kó o wá. Àwọn kan yóò ní Lárúbáwá ni ó fi ràkúnmí gbé e la aṣálẹ̀ kọjá. Àwọn mìíràn yóò ní Potogí ni. Ní ti iyùn pupa tí ń ti inú òkun jáde, kò sí iyèméjì pé àjèjì ni. Ṣùgbọ́n sẹ̀gi, ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró tí a fi dígí ṣe, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀, òun ni mo sì fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Yanrìn ni ìpìlẹ̀ dígí. Yanrìn nìkan kì í sì í yọ́ bọ̀rọ̀: iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí 1,700 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ ní 100 péré ni omi ń hó. Nítorí èyí ni àwọn ará àtijọ́ ṣe ń po ohun mìíràn mọ́ yanrìn kí ó lè tètè yọ́. Iyọ̀ inú adágún gbígbẹ kan ní Íjíbítì ni àwọn ará Róòmù lò. Eérú ewéko ni àwọn Lárúbáwá lò. Nígbà tí ó yá, eérú igi ni àwọn ará àríwá Yúróòpù ń lò. Ohun tí wọ́n bá sì pò mọ́ ọn, inú dígí náà ni yóò wà títí. Bí ọbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà rí. Ẹni tí ó bá mọ ọbẹ̀ tọ́ wò yóò mọ̀ bóyá irú ni ó wà nínú rẹ̀ tàbí ògìrì, kódà bí kò bá sí nílé nígbà tí wọ́n ń sè é.

Apá àríwá ìlú Ilé-Ifẹ̀ ni Igbó Olókun wà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ifẹ̀ sọ pé aya Odùduwà ni Olókun, pé ọlọ́rọ̀ obìnrin ni, àti pé ọ̀ràn ìlẹ̀kẹ̀ kò ṣeé yà kúrò lára ọrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí Leo Frobenius, ará Jámánì, dé ibẹ̀ ní ìparí ọdún 1910, ó bá ihò níbi tí àwọn ènìyàn ti ń wa ìlẹ̀kẹ̀ nínú ilẹ̀, ó sì rí ìkòkò tí dígí aláwọ̀ oríṣiríṣi ti yọ́ lẹ̀ mọ́ inú wọn. Ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ kò fara sin rárá. Síbẹ̀, Frobenius yìí kan náà ni ó kọ̀ láti gbà pé àwọn baba ńlá wa ni ó ni iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀, tí ó lọ ń wá Atlantis kiri, ìlú inú ìtàn àwọn Gíríìkì tí wọ́n ní òkun gbé mì. Ojú rí i, ọkàn kò gbà á.

Àwọn onímọ̀ tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ kò bá a lọ sí Atlantis. Wọ́n gbà pé wọ́n ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ní Ifẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn rò pé ilẹ̀ òkèèrè ni dígí fúnra rẹ̀ ti wá, pé ńṣe ni àwọn ará Ifẹ̀ kàn tún un yọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn oníṣẹ́ dígí Bídà ti ń yọ́ ìgò fi ṣe ẹ̀gbà. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹni tí ó ra èlùbọ́ lọ́jà tí ó fi ro àmàlà ṣe iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lè sọ pé òun ni òun gbin iṣu.

Ní ọdún 2006 ni James Lankton, Akin Ige ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, àti Thilo Rehren tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde. Wọ́n ti tọ́ ọbẹ̀ náà wò. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ dígí Róòmù àti ti Lárúbáwá, èròjà tí à ń pè ní alumina kì í sábà ju 2 tàbí 3 lọ nínú 100. Nínú dígí Ifẹ̀, ó ju 10 lọ. Kálísíọ̀mù, irú èyí tí ó wà nínú ìkarahun ìgbín, pọ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Wọn kò rí irú dígí bẹ́ẹ̀ ní Yúróòpù, ní Íjíbítì tàbí ní Íńdíà. Ibo ni alumina yìí ti wá? Láti inú ilẹ̀ wa ni. Akọ òkúta ni ó pọ̀ jù ní agbègbè Ifẹ̀, nígbà tí òjò àti oòrùn bá sì sọ ọ́ di yanrìn, alumina a wà nínú yanrìn náà lọ́pọ̀lọpọ̀.

Lẹ́yìn náà ni Abidemi Babalola, awalẹ̀pìtàn ọmọ Yorùbá, wú ilẹ̀ Igbó Olókun fínnífínní. Ìlẹ̀kẹ̀ dígí tí ó kó jáde ju 12,000 lọ, láìka àfọ́kù ìkòkò àti ìdàrọ́ dígí. Nínú iṣẹ́ tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2017, wọ́n fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé láàárín ọ̀rúndún 11 àti ọ̀rúndún 15 ni iṣẹ́ náà gbóná jù lọ níbẹ̀. Kí Potogí tó mọ ọ̀nà etíkun wa nìyẹn. Bí wọ́n ti ń ṣe é tún hàn lára ìlẹ̀kẹ̀ fúnra rẹ̀: nígbà tí dígí bá ti yọ́ nínú ìkòkò, wọn a fà á jáde bí ẹni fa ilá tí ó yọ̀ dáadáa, pẹ̀lú ihò láàárín rẹ̀, títí yóò fi gùn tẹ́ẹ́rẹ́; bí ó bá tutù, wọn a gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Cobalt ni ó fún un ní àwọ̀ aró.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọ̀rọ̀ ràkúnmí. A ti rí irú dígí Ifẹ̀ yìí ní Gao, ní bèbè Odò Ọya ní ilẹ̀ Málì, àti ní Essouk létí aṣálẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹrù tí a rò pé ó ń ti àríwá sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa, òun ni ó ń ti ọ̀dọ̀ wa gòkè lọ!

Iṣẹ́ náà kò sì kú sí Ifẹ̀. Ní ọdún 2015, Akinwumi Ogundiran àti Akin Ige kan náà kọ nípa dígí tí wọ́n ṣe ní Òṣogbo ní ọ̀rúndún 17 àti 18, wọ́n sì dábàá pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìkarahun ìgbín ni wọ́n ń pò mọ́ yanrìn. Ìkarahun tí a ń jù sí ààtàn lẹ́yìn oúnjẹ!

Ohun kan kù tí mo fẹ́ sọ nípa àwọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ yìí. Àwọn kan wà nínú wọn tí ó jẹ́ pé bí a bá tẹ́ wọn sí àtẹ́lẹwọ́, àwọ̀ aró ni a ó rí. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé wọn sókè kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn gba inú wọn kọjá, wọn a di àwọ̀ ewé.