Ẹsẹ̀ Tí Ó Rọ́, Ẹ Má Ṣe Yára Wọ́ Ọ

Ẹni tí ó bá ti wa kẹ̀kẹ́ láti Ìpòtì dé Ìjerò, tàbí tí ó ti sọ̀kalẹ̀ òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè rí, mọ̀ pé gígun òkè a máa dáni lágara, ṣùgbọ́n ìsọ̀kalẹ̀ ni ó ń gbé ènìyàn ṣubú.

Ní South Africa, láti ọdún 2004, irú òkè bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ìdíje kẹ̀kẹ́ tí à ń pè ní Cape Epic. Ọjọ́ 8 ni wọ́n fi ń wà á, ní méjì-méjì, olúkúlùkù lórí kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, ọ̀nà náà sì ń tó 600 kìlómítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá dé àgọ́, àwọn oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì wà níbẹ̀ tí ń tọ́jú iṣan àti oríkèé wọn.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe àjèjì nílé wa. Ilé ìwòsàn egungun tó wà ní Igbobi, l'Ékòó, bẹ̀rẹ̀ ní 1943 nítorí àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́. Yunifásítì Ìbàdàn sì ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ fisiotẹ́rápì láti 1966.

Kí ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣe fún ẹni tí ó ṣubú? Wọn kì í wọ́ ọ. Wọ́n ń bi í léèrè, wọ́n sì ń wò ó. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ẹsẹ̀ bá rọ́, ẹ̀jẹ̀ ń sun nínú ẹran. Òrí gbígbóná àti ọwọ́ líle a máa mú kí ó wú sí i; bí egungun bá sì ti ṣẹ́, ó lè gé iṣan ẹ̀jẹ̀. Omi Ìkógòsì tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́ dùn fún ara tí ó rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ìpalára ọjọ́ kìíní.

Aṣọ tí a rẹ sínú omi tútù ni kí ẹ fi lé e fún ìṣẹ́jú 10 sí 20, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ náà sókè. Lẹ́yìn bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi í rìn díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá lè gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin, tàbí tí ẹsẹ̀ náà bá wọ́, ilé ìwòsàn ni ó yẹ, kí wọ́n ya fọ́tò egungun.

A kò bú àwọn tí ń to egungun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ọwọ́ rere. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ ni àwọn dókítà ti gé nítorí pé igi tí a fi dì í le jù. Bí ìka ẹsẹ̀ bá tutù, tí ó kú tipiri, tàbí tí ó dúdú, ẹ tú u lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sáré lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹni tí ó bá forí gbálẹ̀ ńkọ́? Kò gbọdọ̀ tún gun kẹ̀kẹ́ tàbí ọ̀kadà lọ́jọ́ náà, bí ó tilẹ̀ ń sọ pé ara òun le. Bí ó bá ń bì, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dàrú, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá a nílé.

Ẹ̀yin tíṣà tí orúnkún ń dùn, ẹ wo ìjókòó kẹ̀kẹ́ yín: bóyá ó ti kéré jù. Bí ẹsẹ̀ bá dé ìsàlẹ̀ pẹ́dà, orúnkún kàn gbọdọ̀ tẹ̀ díẹ̀ ni.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ tí ń gbé yín lọ sọ́jà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.