RÚLÀ LÁSÁN TÓ Ń WỌN BÍ ARA SÁRÉSÁRÉ ṢE YÁ TÓ

Nígbà tí a bá ń múra eré ìje ọlọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ kan kì í wọ́n lẹ́nu àwa olùkọ́: "Ọ̀lẹ ni ọmọ yìí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ, ó ṣì ń wò." Èmi náà ti sọ ọ́ rí sí ọmọkùnrin kan. Rúlà ló fi hàn mí pé èrò mi kò tọ́. Kí n tó sọ bí ó ṣe jẹ́, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń wọ̀n.

KÍ NI À Ń WỌ̀N?

Bí fèrè bá dún, ẹsẹ̀ kì í gbéra lójú ẹsẹ̀. Etí ni yóò kọ́kọ́ gbọ́, iṣan yóò gbé ìròyìn náà dé ọpọlọ, ọpọlọ yóò pàṣẹ, iṣan mìíràn yóò sì gbé àṣẹ náà dé ẹsẹ̀. Àkókò tí gbogbo èyí gbà ni à ń pè ní àkókò ìdáhùn ara. Kì í sábà tó ìlàjì ìṣẹ́jú àáyá kan. Aago ọwọ́ kò lè wọ̀n ọ́n dáadáa, nítorí ẹni tó ń tẹ aago náà ní àkókò ìdáhùn tirẹ̀. Ṣùgbọ́n rúlà lè wọ̀n ọ́n, nítorí pé bí rúlà ṣe ń já bọ́ kì í yí padà: ibi tó já dé ń sọ iye àkókò tó ti kọjá.

BÍ A ṢE Ń ṢE É

1. Ẹ wá rúlà 30 sẹ̀ǹtímítà. Kí ọmọ náà jókòó, kí ó gbé apá lé tábìlì, kí ọwọ́ rẹ̀ sì yọ síta.
2. Kí ẹlòmíràn di òkè rúlà mú, kí òǹkà òdo wà nísàlẹ̀, láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ọmọ náà. Ìka rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan rúlà.
3. Kí ẹni náà jọ̀wọ́ rúlà láìsọ tẹ́lẹ̀, kí ọmọ náà sì mú un kíákíá.
4. Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lókè àtàǹpàkò rẹ̀.
5. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ to nọ́ńbà náà láti orí èyí tó kéré jù, kí ẹ sì mú èyí tó bọ́ sí àárín.

Sẹ̀ǹtímítà 5: ìṣẹ́jú àáyá 0.10
Sẹ̀ǹtímítà 10: 0.14
Sẹ̀ǹtímítà 15: 0.17
Sẹ̀ǹtímítà 20: 0.20
Sẹ̀ǹtímítà 25: 0.23
Sẹ̀ǹtímítà 30: 0.25

Ẹ kíyè sí i pé 20 jẹ́ ìlọ́po méjì 10, ṣùgbọ́n àkókò rẹ̀ kò di ìlọ́po méjì. Bí rúlà ṣe ń lọ sílẹ̀ ni eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Láàárín 15 sí 25 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń mú un.

Bí ọmọ kan bá mú un ní 4, ó méfò ni. Àwọn tó ń darí eré sísá lágbàáyé náà gbà bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá gbéra kí 0.100 tó pé, wọ́n á ní ó ti sáré ṣáájú ìbọn. Ní ọdún 2022, nínú ìdíje àgbáyé tó wáyé ní Eugene, ní Amẹ́ríkà, níbi tí Tobi Amusan ọmọ Nàìjíríà ti gba wúrà, wọ́n yọ Devon Allen kúrò nínú ìparí eré rẹ̀ nítorí 0.099.

OJÚ YÀTỌ̀ SÍ ETÍ

Ojú ni ìdánwò yìí ń wọ̀n, ó sì dára fún aṣọ́lé nínú bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n etí ni sárésáré fi ń gbéra. Nítorí náà, ẹ fi aṣọ di ojú ọmọ náà, kí ẹni tó mú rúlà wí pé "Mú un!" bí ó ti ń jọ̀wọ́ rẹ̀. Etí sábà máa ń yá ju ojú lọ díẹ̀.

Ọmọ tí mo pè ní ọ̀lẹ mú rúlà ní 16 nígbà tó ń fi ojú wò. Nígbà tí a di ojú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni rúlà já lulẹ̀. Nígbà tí mo pariwo, ó mú un. Mo ránṣẹ́ pe bàbá rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì bá ìdọ̀tí tó ti le gbagidi nínú etí rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n fọ̀ ọ́ kúrò. Lóòótọ́ ni ó ń wò: ẹsẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń wò kí ó tó mọ̀ pé fèrè ti dún. Mo bẹ̀ ẹ́ níwájú kíláàsì, nítorí pé níwájú kíláàsì ni mo ti bú u.

ÌKÌLỌ̀

Rúlà kì í ṣe dókítà, kò sì lè yan ẹni tí yóò gba ipò kìíní. Nígbà tí Usain Bolt sá 100 mítà ní 9.58 ní Berlin lọ́dún 2009, 0.146 péré ni ìdáhùn ara rẹ̀ gbà. Ẹsẹ̀ ló ṣe ìyókù. Bákan náà, ọmọ tí kò sùn dáadáa lè pẹ́ kí ó tó mú rúlà. Ẹ jẹ́ kí ó sinmi, kí ẹ tún un wọ̀n lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí, rúlà kò wọ́n lọ́jà. Ẹ jẹ́ kí á wọn ọmọ kí á tó dá a lẹ́bi.