Àṣírí Ìlera Òṣìṣẹ́: Ohun Tí Ọ̀gá Lẹ́tọ̀ọ́ Láti Mọ̀ àti Ohun Tí Kò Kàn Án

Ẹ jẹ́ kí a mú òṣìṣẹ́ kan tí ó ń fọ́ òkúta ní ẹ̀yìn ìlú Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ó ti ń wúkọ́. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun lọ sí ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n akọ̀wé tí ó ń yọ káàdì níbẹ̀ jẹ́ ìbátan ọ̀gá òun, àdúgbò kan náà sì ni òun àti nọ́ọ̀sì jọ ń gbé. Bí wọ́n bá ní ikọ́ ife ni, ta ni yóò tún fẹ́ bá òun jẹun? Bí ọ̀gá bá gbọ́, ṣé kò ní fi ẹlòmíràn rọ́pò òun? Nítorí náà, ó ra oògùn ikọ́ lọ́wọ́ olóògùn, ó sì padà sí ẹnu iṣẹ́. Ikọ́ náà kò lọ, afẹ́fẹ́ kan náà sì ni àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń mí sínú.

Irú ìbẹ̀rù yìí kò mọ sí ibi ìfọ́kùúta nìkan. Ó wà ní sọ́míìlì tí a ti ń la gẹdú ní Ìsẹ̀-Èkìtì, ó wà ní ibi ìyangàrí ní Èmùré-Èkìtì, ó wà ní oko kòkó, ní ilé ẹ̀kọ́ àti ní ọ́fíìsì ìjọba. Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ ṣe àlàyé fún gbogbo olùgbé ẹkùn gúúsù ìpínlẹ̀ wa lórí ohun tí òfin sọ nípa àṣírí ìlera òṣìṣẹ́, àti bí a ṣe lè jábọ̀ àìsàn ẹnu iṣẹ́ láì tú àṣírí ẹnikẹ́ni.

Ojúṣe méjì tí kò tako ara wọn

Ojúṣe kìíní ni pé kí àìsàn tí iṣẹ́ fà di mímọ̀. Eruku òkúta a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ẹni tí eruku náà bá sì ti bá jà, ikọ́ ife a máa tètè mú un. Eruku gẹdú a máa dá ikọ́ fée sílẹ̀. Èéfín ìyangàrí a máa ṣe ojú àti àyà ní jàǹbá. Bí a kò bá jábọ̀ àwọn nǹkan wọ̀nyí, kò sí ẹni tí yóò tún ibi iṣẹ́ ṣe.

Ojúṣe kejì ni pé kí ọ̀rọ̀ ara òṣìṣẹ́ jẹ́ àṣírí láàárín òun àti oníṣègùn rẹ̀. Àwọn kan rò pé bí a bá mú ọ̀kan ṣẹ, a ti sọ èkejì nù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ó bá mọ̀ pé àṣírí òun kò ní tú ni yóò sọ òtítọ́ fún dókítà, láti inú òtítọ́ náà sì ni ìjábọ̀ tí ó pé ti ń jáde.

Ohun tí òfin sọ

Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 fi lélẹ̀ pé gbogbo ohun tí ó jẹ mọ́ ìlera ẹni tí ó gba ìtọ́jú, irú ìtọ́jú tí ó gbà, àti pé ó tilẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn rárá, àṣírí ni. A kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹlòmíràn àfi bí ẹni náà bá fi ọwọ́ sí ìwé pé òun gbà, bí ilé ẹjọ́ tàbí òfin kan bá pa á láṣẹ, bí ó bá jẹ́ ọmọdé tàbí ẹni tí kò lè dá ìpinnu ṣe tí òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ sì béèrè, tàbí bí dídákẹ́ bá lè kó ìlera ará ìlú sínú ewu ńlá. Òfin kan náà pa á láṣẹ fún alábòójútó ilé ìwòsàn pé kí ó dáàbò bo ìwé àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn kúrò lọ́wọ́ ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Òfin Ààbò Dátà ti ọdún 2023 náà ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ àwọn àkọsílẹ̀ ẹlẹgẹ́ tí ó nílò ìṣọ́ra ju àwọn yòókù lọ, ìbáà jẹ́ nínú fáìlì tàbí nínú kọ̀ǹpútà. Ní ti kòkòrò HIV, òfin ọdún 2014 tí ó dènà ìyàsọ́tọ̀ kò gba agbanisíṣẹ́ láyè láti sọ àyẹ̀wò rẹ̀ di dandan kí ó tó gba ènìyàn síṣẹ́.

Kí ni ọ̀gá lè béèrè?

Ìmọ̀ràn tí Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ gbé jáde ní ọdún 1985 fi ìlànà tí ó rọrùn lélẹ̀: àbọ̀ tí dókítà fi ránṣẹ́ sí agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ ní ọ̀rọ̀ ìṣègùn nínú. Ohun tí yóò wà níbẹ̀ ni bóyá òṣìṣẹ́ náà lè ṣe iṣẹ́ tí a fẹ́ fún un, àti irú iṣẹ́ tí kò bá ara rẹ̀ mu.

Bí àpẹẹrẹ, dókítà lè kọ ọ́ pé: “Ẹni yìí lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gun ibi gíga, kò sì gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tí ń gé nǹkan, fún oṣù mẹ́fà.” Èyí tó fún ọ̀gá láti fi ṣètò iṣẹ́. Bóyá wárápá ni tàbí oògùn tí ń mú oorun kun ènìyàn, ìyẹn kò kàn án.

Ìjábọ̀ tí òfin pa láṣẹ

Òfin Owó Gbà-má-bínú fún Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 fún òṣìṣẹ́ tí ó farapa tàbí tí iṣẹ́ kó àìsàn ràn ní ọjọ́ 14 láti sọ fún agbanisíṣẹ́ rẹ̀. Agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ 7 láti jábọ̀ fún àjọ NSITF, èyí tí ó ń bójú tó owó náà. Kí ọdún kan tó pé ni òṣìṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ béèrè fún owó gbà-má-bínú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi ìpalára pamọ́ nítorí ìtìjú lè pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Ìjábọ̀ yìí kò tú àṣírí, nítorí òfin ni ó pa á láṣẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àjọ tí òfin dárúkọ ni ó ń lọ, ohun tí ó jẹ mọ́ ìpalára náà nìkan ni a sì ń kọ sínú rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rọ gé ní ìka kò yẹ kí ó rí i nínú ìwé ìjábọ̀ pé òun ní àtọ̀gbẹ.

Ẹjọ́ kan ní Èkó

Ní ọdún 1995, ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Èkó dá obìnrin kan tí ó jẹ́ olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì dúró lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún kòkòrò HIV láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́ ní ọdún 2000. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012, Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Ìkẹjà dá a láre, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n san mílíọ̀nù 7 náírà fún un. Ọdún 17 ti kọjá láti ìgbà tí ó ti pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Owó lè padà wá. Ọdún tí ó lọ kò lè padà.

Ìlú kékeré, ìṣọ́ra ńlá

Ní ìlú tí gbogbo wa mọ ara wa, pípa orúkọ rẹ́ nìkan kò tó. Bí sọ́míìlì kan bá ní òṣìṣẹ́ mẹ́rin, tí ìjábọ̀ sì sọ pé “ọ̀kan nínú wọn ní ikọ́ ife,” kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti mọ ẹni náà. Ó sàn kí a da iye ibi iṣẹ́ púpọ̀ pọ̀ kí a tó gbé e jáde.

Bí àrùn tí ń ràn bá wọ ibi iṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lè pe gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fún àyẹ̀wò, láì sọ ara ta ni a ti kọ́kọ́ rí i.

A rọ ẹ̀yin agbanisíṣẹ́ pé kí ẹ fi ìwé ìlera sínú àpótí tí ó ní kọ́kọ́rọ́, lọ́tọ̀ sí fáìlì iṣẹ́. Kí ẹ má ṣe gbé e sórí WhatsApp, kí ẹ má sì kéde àìsàn ẹnikẹ́ni ní ìpàdé, ìbáà ṣe pé ẹ fẹ́ gbàdúrà fún un. A rọ ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera pé kí ẹ má ṣe pe orúkọ àìsàn sókè lójú èrò. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ béèrè ohun tí a fẹ́ fi àbọ̀ àyẹ̀wò yín ṣe kí ẹ tó fi ọwọ́ síwèé.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, kò ṣeé kó jọ mọ́. Bí a bá pa àṣírí ara wa mọ́, ẹni tí ń wúkọ́ ní Ìkẹ́rẹ́ yóò lè lọ sí ilé ìwòsàn lọ́la láìbẹ̀rù, ara òun àti ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì dá.