Kí Ẹ Tó Yáwó Lọ Ṣiṣẹ́ Oko Ní Ìlú Ọba

Ẹ̀yáwó tí àwọn kan ń béèrè láti fi gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ oko ní Ìlú Ọba ti pọ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa.

Ìwé yìí, tí ìjọba ibẹ̀ tún gbé dìde ní 2019, kì í ju oṣù 6 lọ. Èso kíká àti ẹ̀fọ́ jíjá ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ ò lè mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání, ẹ ò sì lè fi kún ọjọ́ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí ìjọba fún láṣẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe onígbọ̀wọ́ yín, kí ẹ tó béèrè físà. Òfin wọn kò gbà kí wọ́n gbowó pé àwọn bá yín wáṣẹ́. Owó físà àti ti ọkọ̀ òfuurufú ni tiyín. Ejẹ́ǹtì tó bá ní kẹ́ ẹ wá sanwó iṣẹ́, ẹ sá fún un.

Oṣù 6 ni kẹ́ ẹ fi ṣírò gbèsè, ẹ má fi pọ́n-ùn ṣírò. Bí kò bá tán kẹ́ ẹ tó padà dé, ọrùn onídùúró ló ń bọ̀. Ẹ mú orúkọ ilé iṣẹ́ náà wá sí ọ́fíìsì, ká jọ wò ó nínú àkọsílẹ̀ ìjọba wọn. Ọ̀fẹ́ ni.