Jẹjẹrẹ Ọmú àti Àbùkù Tí A Ń Jogún

Nígbà tí jẹjẹrẹ ọmú bá mú ìyá, tí ó sì tún mú ọmọ rẹ̀ obìnrin lẹ́yìn náà, ohun tí àwọn ará ilé sábà máa ń wí ni pé ọwọ́ ayé ni, tàbí pé èpè ń ja ìdílé náà. Nípa bẹ́ẹ̀ ọjọ́ ń lọ, owó ń lọ, kókó inú ọmú sì ń dàgbà. Ó yẹ kí olùkà wa mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nínú ara irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì ni a fi kọ́ ara ènìyàn, wóró tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni ohun kan wà tí ó dàbí ìwé àṣẹ, tí ó ń sọ fún un ìgbà tí yóò pín sí méjì àti ìgbà tí yóò dúró. Orí kọ̀ọ̀kan nínú ìwé náà ni à ń pè ní jíìnì. Kí sẹ́ẹ̀lì tó pín, ó ní láti da gbogbo ìwé náà kọ, ìwé a sì máa ya nígbà mìíràn. Jíìnì méjì tí a ń pè ní BRCA1 àti BRCA2 wà lára àwọn tí ń rán ibi tí ó ya: wọn a wo ẹ̀dà tí ó pé, wọn a sì to ọ̀rọ̀ náà padà bí ó ti yẹ. Ní 1990 ni Mary-Claire King, obìnrin onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, fi agbègbè tí èkínní wà hàn. A rí i gan-an ní 1994, a sì rí èkejì ní 1995.

Ẹ̀dà méjì-méjì jíìnì wọ̀nyí ni olúkúlùkù wa ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ baba, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bí a bá bí ènìyàn pẹ̀lú ọ̀kan tí ó ní àbùkù, èkejì a máa dá iṣẹ́ náà ṣe, ara rẹ̀ a sì le fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n bí èkejì náà bá bàjẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì ọmú kan ṣoṣo, kò sí ẹni tí yóò rán ìwé náà dáradára mọ́. Àwọn olùtúnṣe mìíràn a kàn lẹ̀ ẹ́ bí ó ti wù kí ó rí, ọ̀rọ̀ a sì máa sọnù. Àṣìkọ yóò máa gorí àṣìkọ, títí yóò fi kan àwọn jíìnì tí ń pàṣẹ ìdúró; nígbà náà ni sẹ́ẹ̀lì náà yóò máa pín láìsinmi, bí èpò inú oko tí a kò ro.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni èyí. Láàárín 1998 sí 2014, ní Ìbàdàn, a kó àwọn obìnrin tí ó ní àrùn náà jọ fún ìwádìí kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé ti Yunifásítì Chicago, ọmọ Nàìjíríà, kópa nínú rẹ̀. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018: nínú àwọn obìnrin 1,136, a rí àbùkù tí a jogún lára 14.7 nínú 100. Nínú àwọn tí ara wọn le tí a fi wé wọn, kò tó 2 nínú 100. Kí a kíyèsí i pé a kò rí irú àbùkù bẹ́ẹ̀ lára èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn aláìsàn náà. Nítorí náà kí obìnrin tí kò ní irú rẹ̀ nínú ìdílé má ṣe dá ara rẹ̀ lójú.

Ìyá nìkan ni a sábà máa ń dá lẹ́bi, àìmọ̀ pátápátá sì ni. Baba lè gbé àbùkù yìí kí ó má sì ṣàìsàn rárá, síbẹ̀ ọmọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin tàbí obìnrin, lè jogún rẹ̀ bí ẹni ṣẹ́ kèké, ìlàjì sí ìlàjì. Jẹjẹrẹ ọmú a sì máa mú ọkùnrin pẹ̀lú, bí kò tilẹ̀ wọ́pọ̀. Bí dókítà bá bi ọ́ léèrè nípa ìdílé rẹ, má ṣe gbàgbé àwọn arábìnrin baba rẹ. Ẹ̀jẹ̀ tàbí itọ́ ni a fi ń ṣe àyẹ̀wò jíìnì.

Kókó nínú ọmú tàbí ní abíyá, awọ tí ó sún kì, orí ọmú tí ó wọlé tàbí tí ń ṣẹ̀jẹ̀: ìwọ̀nyí ni kí a gbé lọ sí ilé ìwòsàn láìdúró de ìrora, nítorí kókó náà kì í sábà dun ni ní ìbẹ̀rẹ̀.