Bí ojú kọ̀ǹpútà bá ń gbọ̀n, kí a wo atukọ̀ rẹ̀ ná

Kọ̀ǹpútà ti di irinṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tí ń tẹ ìwé fún ará ìlú, ẹni tí ń ṣírò owó ẹgbẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò, gbogbo wọn ni ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ní ọjọ́ kan, ojú náà lè bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Ọfà kékeré tí ó yẹ kí ó máa lọ geere yóò máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ojú yóò máa dun ẹni tí ń ṣiṣẹ́, orí yóò sì máa fọ́ ọ.

Ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni láti ra ojú kọ̀ǹpútà mìíràn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti wí pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ojú kọ̀ǹpútà náà lè wà ní àlàáfíà, kí ó sì jẹ́ pé ohun tí ń darí rẹ̀ ni ó ṣìnà. Àtúnṣe èyí kì í gba owó.

Kí ni Hertz?

Àwòrán tí à ń rí lójú kọ̀ǹpútà kì í dúró sójú kan. Ẹ̀rọ ń yà á, ó sì ń tún un yà, kíákíá tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ènìyàn kò fi mọ̀ ìgbà tí ọ̀kan lọ tí òmíràn dé. Iye ìgbà tí ó ń tún un yà láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan ni a ń fi Hertz kà. "Hz" ni a ń kọ lórí ẹ̀rọ. Orúkọ náà wá láti ara Heinrich Hertz, onímọ̀ ará Jámánì tí ó kú ní ọdún 1894.

Bí a bá rí 60 Hz, ó túmọ̀ sí pé àwòrán ń di ọ̀tun nígbà 60 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí tó fún iṣẹ́ ìwé títẹ̀ lórí ojú kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ ti òde òní. Àwọn mìíràn lè dé 75, 120 tàbí 144. Bí iye náà bá lọ sílẹ̀ sí 30, ọfà yóò máa fò. Ti àwọn ojú kọ̀ǹpútà àtijọ́, tí ẹ̀yìn wọn yọ gọngọ bíi ti tẹlifíṣọ̀n ìgbà náà, yàtọ̀. Wọ́n máa ń ṣẹ́jú bí iye náà bá jẹ́ 60. 75 tàbí 85 ni ó ń tu ojú lára.

Iṣẹ́ atukọ̀

Nínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀yà kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ya àwòrán. "Carte graphique" ni Faransé ń pè é. Intel, AMD àti NVIDIA wà lára àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe é. Ètò kan ni ó ń sọ ohun tí ẹ̀yà yìí yóò ṣe fún un. "Pilote" ni Faransé ń pe ètò náà, èyí tí í ṣe atukọ̀ ní èdè Yorùbá. Ọkọ̀ lè lágbára, omi sì lè tòrò. Bí atukọ̀ kò bá mọ odò, ọkọ̀ kò ní gúnlẹ̀ síbi tí ó yẹ.

Nígbà tí a bá tún Windows fi sórí kọ̀ǹpútà, atukọ̀ gidi lè má sí níbẹ̀. Windows yóò fi adelé kan sípò rẹ̀, tí kò mọ gbogbo agbára ẹ̀rọ náà. Nígbà mìíràn, Windows fúnra rẹ̀ a máa gba atukọ̀ tuntun láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí ó lè má bá ẹ̀rọ náà mu.

Bí a ṣe ń tún un ṣe

Kí a kọ́kọ́ wo okùn tí ó so ojú mọ́ kọ̀ǹpútà, bóyá ó dì dáadáa. Lẹ́yìn náà, kí a ṣí "Paramètres", kí a tẹ "Système", kí a sì tẹ "Affichage". Kí a wá "Paramètres d'affichage avancés" nísàlẹ̀. Lórí Windows 11, "Affichage avancé" ni. Ibẹ̀ ni "Fréquence d'actualisation" wà. Bí ó bá jẹ́ 30, tí 60 sì wà níbẹ̀, kí a yan 60. Bí ojú náà bá ṣókùnkùn, kí a má fọwọ́ kan nǹkan kan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 15, Windows yóò dá iye àtijọ́ padà.

Bí 60 kò bá sí níbẹ̀ rárá, kí a wo atukọ̀. Kí a fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ àmì Windows nísàlẹ̀, kí a yan "Gestionnaire de périphériques", kí a sì ṣí "Cartes graphiques". Bí orúkọ tí ó wà níbẹ̀ bá ní "de base" nínú, adelé ni ó ń ṣiṣẹ́. Kí a lọ gba atukọ̀ gidi lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe kọ̀ǹpútà náà gan-an. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí ó bá ń bèèrè owó fún un, tàbí tí orúkọ rẹ̀ kò yé ni, kí a yẹra fún un, nítorí ibẹ̀ ni kòkòrò kọ̀ǹpútà ti ń wọlé.

Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí atukọ̀ tuntun dé ni wàhálà bẹ̀rẹ̀, kí a tẹ orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì, kí a tẹ "Pilote", kí a sì tẹ "Restaurer le pilote". Atukọ̀ àná yóò padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣe bàìbàì tí kò ṣe é tẹ̀, kò sí èyí tí a tọ́jú pa mọ́. Kí a gba èyí tí ó bá ẹ̀rọ mu lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ náà.

Ẹni tí Faransé kò tíì yé dáadáa lè da àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kọ sórí ìwé, kí ó máa fi lẹ́tà wé lẹ́tà lójú kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ó mọ lẹ́tà lè ṣe é.

Bí gbogbo rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́, kí a so ojú náà mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, kí a sì lo okùn mìíràn. Bí ó bá dákẹ́ jẹ́ẹ́ níbẹ̀, ara rẹ̀ le. Ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tàbí okùn rẹ̀ ni àléébù wà. Bí ó bá ṣì ń gbọ̀n, ojú náà ni ó bàjẹ́ lóòótọ́, owó tí a bá sì fi ra òmíràn kò ní jẹ́ owó ìnákúnàá.