Gbígbẹ ni tàbí Dídì? Èdè-Ìperí fún Tàdáwà Alààyè

Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ìṣòro àkọ́kọ́ tí ó ń dojú kọ olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ tẹ ẹran ara alààyè jáde. Àpèjúwe kan wà nítòsí ní Òkè-Ògùn. Bí àwọn amọlé àtijọ́ ní Ṣakí àti Ìsẹ́yìn ti ń mọ ògiri alámọ̀ ní ìpele-ìpele, tí oòrùn ń mú ìpele kan le kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí ń to tàdáwà rẹ̀, tí ó sì ń fi ìmọ́lẹ̀ mú un le. Ṣùgbọ́n àpèjúwe náà ní ibi tí ó mọ. Ògiri ń le nítorí pé omi inú rẹ̀ gbẹ. Tàdáwà yìí kò gbọdọ̀ gbẹ, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì alààyè inú rẹ̀ yóò kú. 'Dì' ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ ti ń dì nínú ewé pẹ̀lú omi rẹ̀.

Síbẹ̀, 'omi dídì' kò ṣeé lò, torí yìnyín ni ó ń tọ́ka sí. Oògùn sì ni 'èdì'. 'Adìmọ́mi', èyíinì ni ohun tí ó dì mọ́ omi, kò ní ìdàrúdàpọ̀ nínú.

Jẹ́látìnì, tí a ń rí nínú awọ àti egungun ẹran, ni ọ̀kan nínú àwọn adìmọ́mi tí a ń lò jù. Ẹni tí ó bá ti se pọ̀nmọ́ mọ̀ pé omi rẹ̀ a máa dì bí ó bá tutù, a sì tún máa yọ́ bí iná bá kàn án. Ooru ara ènìyàn, ìwọ̀n 37 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, tó láti yọ́ jẹ́látìnì. Ní ọdún 2000, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ghent, ní Bẹ́ljíọ̀mù, tẹ iṣẹ́ jáde lórí bí a ṣe lè so èròjà mẹtakírílì mọ́ ọn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kan kẹ́míkà díẹ̀ tí a pò mọ́ ọn, 'aṣokùnfà ìdì', kẹ́míkà náà yóò pín, yóò sì mú kí àwọn fọ́nrán jẹ́látìnì so mọ́ra bí òwú òòró àti òwú ìbú ti ń so mọ́ra nínú aṣọ òfì Ìsẹ́yìn. Èyí kì í yọ́ mọ́ nínú ooru ara. Nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí, tí ó kọjá àwọ̀ elésè àlùkò, lè pa sẹ́ẹ̀lì lára, ọ̀pọ̀ onímọ̀ yàn láti máa lo ìmọ́lẹ̀ elésè àlùkò tí ìgbì rẹ̀ jẹ́ nanomítà 405.

'Tàdáwà alààyè afìmọ́lẹ̀dì' ni gbogbo rẹ̀. Kí olùkọ́ má ṣe pe ìtẹ̀ náà ní 'onígun mẹ́ta', torí orúkọ àwòrán mìíràn nìyẹn nínú ìṣirò. 'Olóòró, oníbùú, onígíga' ni ó bá a mu. Kí ó má sì ṣèlérí ọkàn tàbí kíndìnrín: sẹ́ẹ̀lì tí ó bá jìnnà sí òpójẹ̀ ju nǹkan bí mìlímítà 0.2 lọ ṣòro láti rí afẹ́fẹ́ tó. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ kù sí.